Ogún náírà tó wà lẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì

Ìbéèrè: Alájì, ẹ kú iṣẹ́ o. Kaṣíà ni mí ní ìjọba ìbílẹ̀ kan ní gúúsù Kwara. Ọ̀rọ̀ ṣéńjì ti fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa àti ará ọjà. ₦80 ni tíkẹ́ẹ̀tì ojoojúmọ́ wa. Kò sẹ́ni tó ń rí ₦20 fún ẹnikẹ́ni mọ́, nítorí náà ₦100 ni gbogbo wọn ń san, àwọn agbowó wa a sì fi bírò kọ "₦20" sẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ kó tíkẹ́ẹ̀tì 23 wá sí ojú fèrèsé mi, ó ní òun wá gba ṣéńjì òun. Ìwé owó ṣọ́ọ̀bù náà ń jáde pẹ̀lú kọ́bọ̀ lẹ́yìn. Ẹnìkan ní ₦3,822.50 láti san, owó ọwọ́ ló mú wá. Ọ̀gá wa ní ká kúkú máa fa gbogbo ẹ̀ sí ₦50 tó bá sún mọ́ ọn, pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lókè òkun, pé Amẹ́ríkà pàápàá ti pa kọ́bọ̀ tiwọn tì. Ṣé a lè ṣe é? Kí ni màá sọ fún ọ́dítọ̀? Kí sì ni kí n ṣe fún ìyá elélùbọ́?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú ìjókòó nídìí fèrèsé. Ìyá elélùbọ́ yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú lẹ́tà rẹ, a ó padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá rẹ kò purọ́ nípa òkè òkun, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ló gbọ́, ìdajì tí kò gbọ́ yẹn gan-an ló sì lè kó yín sínú ọ̀fìn.

Ti Amẹ́ríkà, òótọ́ ni. Ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún 2025 ni wọ́n tẹ pẹ́nì tó kẹ́yìn fún ìnáwó ní Philadelphia. Pẹ́nì kan, tí kò ju sẹ́ǹtì kan ṣoṣo lọ, ń ná ìjọba wọn ní sẹ́ǹtì 3.69 láti tẹ̀. Ta ni yóò máa fi náírà mẹ́rin ra náírà kan? Ṣùgbọ́n wọ́n dáwọ́ títẹ̀ rẹ̀ dúró nígbà tí kò tíì sí òfin àpapọ̀ tó sọ ohun tí olùtajà tàbí káńsù yóò ṣe bí ẹni tó ń sanwó kò bá ní pẹ́nì, tí ẹni tó ń gbà á náà kò sì ní in. Àwọn pẹ́nì tó wà nílẹ̀ ṣì jẹ́ owó. Bí ọ̀rọ̀ ṣe já lé àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wọn léjìká nìyẹn, àwọn tó ń gba owó ilé, owó omi àti owó ìtanràn ọkọ̀: sẹ́ǹtì wà lẹ́yìn iye tí òfin kọ sílẹ̀, owó kóró tí wọn yóò fi san án ló ń tán lọ. Ìṣòro tìrẹ gan-an nìyẹn, àfi pé àwa kò kéde pé a pa kọ́bọ̀ tì. Òun ló rọra sá mọ́ wa lọ́wọ́.

Àwọn tó ṣáájú wọn ṣe tiwọn létòlétò. Australia bẹ̀rẹ̀ sí í kó sẹ́ǹtì kan àti sẹ́ǹtì méjì nílẹ̀ lọ́dún 1992. Kánádà dáwọ́ pípín pẹ́nì dúró ní oṣù kejì ọdún 2013, ìlànà wọn sì rọrùn débi pé ọmọ ilé-ìwé lè há a sórí. Ẹ ro gbogbo ọjà pọ̀ tán kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Bí àpapọ̀ bá parí sí 1 tàbí 2, ẹ gé e wálẹ̀ sí 0. Bó bá parí sí 3 tàbí 4, ẹ fà á sókè sí 5. 6 àti 7 a padà sí 5, 8 àti 9 a gòkè sí 0 tó kàn. Owó ọwọ́ nìkan ni wọ́n ṣe èyí fún. Ẹni tó bá fi káàdì san án, sẹ́ǹtì rẹ̀ pé pérépéré ni yóò san. Àwọn ará Ireland bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní oṣù kẹwàá ọdún 2015, wọ́n sì fi ohun kan sí i tó wù mí púpọ̀: oníbàárà tó bá ní ṣéńjì òun pé ni òun fẹ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Ìdí tí kò fi dun ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ni pé àpapọ̀ ọjà kì í rí bákan náà. Lónìí wọ́n gé sẹ́ǹtì méjì fún ọ, lọ́la wọ́n fà á sókè ní sẹ́ǹtì kan, ní ọ̀túnla wọ́n tún gé e. Bí oṣù bá fi máa parí, wọ́n á ti pa ara wọn rẹ́. Ibi tí ọ̀gá rẹ kò gbọ́ dé nìyí. Tíkẹ́ẹ̀tì yín kì í yí padà. ₦80 ni lánàá, ₦80 ni lónìí, ₦80 náà ni yóò jẹ́ lọ́la. Bí ẹ bá ń fà á sí ₦50 tó sún mọ́ ọn, ₦100 ni yóò máa bọ́ sí lójoojúmọ́ ayé, kò ní sí ọjọ́ kan tí yóò bọ́ sí ₦50 kó lè bá ti àná dọ́gba. Ẹ kò gé nǹkan kan, ẹ kò fa nǹkan kan. Ẹ ti fi ìdá kan nínú mẹ́rin kún owó ọjà láìpe ìgbìmọ̀ jọ.

Mú bírò. ₦20 lọ́jọ́ 26 jẹ́ ₦520 lóṣù lọ́wọ́ ìyá kan ṣoṣo. Bí ìsọ̀ 300 bá wà nínú ọjà, ₦156,000 nìyẹn lóṣù kan, kò sì sí nínú ìwé káńsù, nítorí pé ₦80 ni wọ́n tẹ̀ sára tíkẹ́ẹ̀tì. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ká ní ₦70 ni tíkẹ́ẹ̀tì ni, ìlànà kan náà ì bá máa gé e sí ₦50, káńsù ì bá sì máa pàdánù ₦20 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́. Mo fẹ́ gbà pé ọ̀gá rẹ ì bá má tètè rántí òkè òkun.

Àwọn oníṣòwò wa ti yanjú tiwọn tipẹ́. Lọ sí Ìpàtá níbí ní Ìlọrin láàárọ̀, ra ata ₦480, kí o na ₦500 sí i. Kò ní tilẹ̀ wá ₦20 rárá. Yóò bu rodo mẹ́ta tàbí mẹ́rin, yóò jù wọ́n sínú ọ̀rá rẹ, yóò sì kọjú sí ẹlòmíràn. Èènì ti di ṣéńjì. O rí rodo náà, o mọ iye tó jẹ́, bí kò bá sì tẹ́ ọ lọ́rùn, wàá ní kó fi ọ̀kan sí i. Káńsù ni kò ní rodo. Agbowó yín kò ní ohunkóhun nínú àpò tó lè fi dípò ₦20 àfi ìlérí, ìlérí yẹn ló sì ń fi bírò kọ sẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn ilé ìtajà tó ń fi súwíìtì ṣe ṣéńjì fún àgbàlagbà máa ń bí mi nínú, ṣùgbọ́n súwíìtì ṣeé lá. Ẹ̀yìn tíkẹ́ẹ̀tì kò ṣeé lá.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì jẹ́ tuntun sí wa. Kí náírà tó dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, pẹ́nì àwọn òyìnbó làwọn àgbà wa ń pè ní kọ́bọ̀. Pẹ́nì 240 ló wà nínú pọ́n-ùn kan. Nígbà tí wọ́n wá ṣẹ́ pọ́n-ùn kan sí náírà méjì, kọ́bọ̀ 200 ló wà nínú pọ́n-ùn náà. Orúkọ kan náà, ìwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó ń ta àkàrà ní kọ́bọ̀ kan kí ọdún tó yí, tó sì ń tà á ní kọ́bọ̀ kan lọ lẹ́yìn náà, ó ti fi ìdá kan nínú márùn-ún kún owó àkàrà láìlanu, oníbàárà rẹ̀ kò sì ní fura. Ṣílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá géérégé, sísì di kọ́bọ̀ márùn-ún, kò sí ìjà níbẹ̀. Tọ́rọ́ ló ṣòro: kọ́bọ̀ méjì àti ààbọ̀. Àmọ́ kóró ààbọ̀ kọ́bọ̀ wà nínú àwọn tí wọ́n gbé jáde lọ́dún náà, nítorí náà ẹni tó bá jẹ ọ́ ní tọ́rọ́ lè san án pé. Nígbà yẹn, wọ́n pèsè kóró de iye tó bá ṣẹ́kù. Lónìí, iye tó ṣẹ́kù ló ń wá kóró kiri.

Ọdún 1991 ni ₦1 kúrò ní pépà tó di kóró. Ní oṣù kejì ọdún 2007 wọ́n tún gbé kóró mẹ́ta jáde: 50 kọ́bọ̀ tó ní àgbàdo lára, ₦1 tó ní Herbert Macaulay, ₦2 tó ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti tó lọ sí yunifásítì báyìí, ó sì lè máà tíì fi ₦2 ra nǹkan rí láyé rẹ̀. ₦5, ₦10 àti ₦20 kò tíì di kóró, ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ rí èyí tó tutù nínú wọn, ibi ìgbéyàwó ọjọ́ Sátidé ni kí o lọ. Àwọn obìnrin tó ń ta owó tuntun fún àwọn tó fẹ́ ná olórin ló ń kó wọn ní bọ́ndùù bọ́ndùù. Èyí tó bá bọ́ sínú ọjà ti gbó bí àkísà.

Ọ̀gá rẹ lè ní kí wọ́n kúkú máa fi fóònù san tíkẹ́ẹ̀tì. Lórí ₦80? Báǹkì tó bá ń gba ₦10 lórí owó kékeré tí a fi ránṣẹ́ yóò tún fi owó-orí ọjà ìdá 7.5 lé e, ó di ₦10.75. Ìyá náà yóò san ohun tó lé ní ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún kí ó lè bọ́ lọ́wọ́ ìdá 25. Bí o bá sì fẹ́ rí bí ẹ̀rọ pàápàá ṣe ń gé owó, wo àtẹ̀jíṣẹ́ báǹkì nígbà tí wọ́n bá gba ₦25 lórí owó tí o fi ránṣẹ́: pẹ̀lú owó-orí, ₦26.875 ló yẹ kó jẹ́, ₦26.88 lo máa rí. Ààbọ̀ kọ́bọ̀ ọdún 1973 ṣì ń da àwọn èèyàn láàmú.

Fún tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí náà, ẹ má fà á, ẹ má gé e. Ẹ pa á pọ̀. ₦80 lọ́nà márùn-ún jẹ́ ₦400, ₦200 méjì ni, kò sí ṣéńjì níbẹ̀. Ẹ tẹ káàdì kékeré tó ní ojú márùn-ún, tó ní nọ́ńbà tirẹ̀, tó sì ní orúkọ ọjà lára. Bí agbowó bá dé ìsọ̀, yóò fi ẹ̀rọ tí a fi ń lu ìwé ní ihò lu ojú kan, yóò kọ déètì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò máa lọ. Ọjọ́ tí ìyá kò bá jáde, kò sẹ́ni tó máa lù ú, owó rẹ̀ ṣì wà nínú káàdì. Ọjà tó ń ná lọ́rọọrún rọrùn jù fún irú èyí, torí gbogbo àwọn ará oko ló ń péjú lọ́jọ́ kan náà, ọjọ́ yẹn ni kí ẹ ta káàdì fún wọn. Ẹni tí kò bá ní ₦400 lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ má fipá mú un. Ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ lórí àtẹ lè máà rí ₦400 láàárọ̀. Ẹ jẹ́ kí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì ₦80, kí agbowó yín sì ní ₦20 lọ́wọ́ fún un. Bí ọ̀pọ̀ bá ti wà lórí káàdì, ₦20 tí ẹ máa wá kò ní pọ̀ mọ́. Ọ̀nà kejì ni kí ìgbìmọ̀ jókòó, kí wọ́n sọ tíkẹ́ẹ̀tì di ₦50 tàbí ₦100 lójúkojú, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí Ìyálọ́jà gbọ́, kí ọjà gbọ́. Bí wọ́n bá sọ ọ́ di ₦100, àwọn èèyàn á pariwo. Ariwo yẹn ní ibi tó dára sí: wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ń pariwo mọ́.

Owó ṣọ́ọ̀bù ló yàtọ̀, torí iye tó wà lórí ìwé kọ̀ọ̀kan kò dọ́gba. Ká wo ₦3,822.50 tí o dárúkọ. Ká sọ pé nǹkan mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: pátákó ìpolówó ₦1,215, ìwé-àṣẹ ₦630, owó ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú owó ìtanràn orí rẹ̀ ₦1,977.50. Bí kaṣíà bá ń gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ₦50 tó sún mọ́ ọn, 1,215 á di 1,200, 630 á di 650, 1,977.50 á di 2,000. Àpapọ̀, ₦3,850. Bí ó bá ro ó pọ̀ kó tó gé e, 3,822.50 á di ₦3,800. Ìwé kan náà, oníṣọ́ọ̀bù kan náà, ₦50 ló wà láàárín. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí ọ̀bẹ kan owó náà, nísàlẹ̀ ìwé pátápátá.

Ibo ni kí ẹ gé e sí? Èmi kò bá yín lọ sókè rárá, ìbáà ṣe náírà kan. Àwọn ará Kánádà lè fà á sókè nítorí pé ọjà ni wọ́n ń tà. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tẹ́ lọ́rùn yóò lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Kò sí káńsù kejì tí ọmọ Ọ̀fà tàbí ọmọ Òmù-Àrán yóò gbé owó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ. Òfin ló fún yín lágbára láti gba owó náà: ìwé òfin orílẹ̀-èdè ọdún 1999, ní Àfikún kẹrin, fi ọjà, ibùdókọ̀, ibi ìpẹran àti ilé ìyàgbẹ́ ìlú sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Lọ́dún 1998, òfin ti kọ́kọ́ to owó tí ìpele ìjọba kọ̀ọ̀kan lè gbà ní ẹsẹẹsẹ, kí àwọn agbowó má baà máa hùmọ̀ orúkọ tuntun lójú títì. Iye tí òfin káńsù bá kọ ni agbára yín mọ. ₦27.50 tó bá lé lórí rẹ̀, kò ní òfin kankan lẹ́yìn, bó ti wù kó kéré tó.

Ṣùgbọ́n gígé wálẹ̀ náà kò sí lọ́wọ́ ìwọ kaṣíà, kò sì sí lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ nìkan. Owó ìlú lẹ ń fi sílẹ̀. Àwọn káńsùlọ̀ ni kó jókòó lé e lórí, kí wọ́n kọ ọ́ sínú òfin káńsù ní gbólóhùn kan tí kò ní kọ̀rọ̀: ìwé owó tó bá tó ₦1,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí àpapọ̀ rẹ̀ kò bá ₦50 dọ́gba, a ó gé e wálẹ̀ sí ₦50 tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Èyí tí kò bá tó ₦1,000, kí iye rẹ̀ ti jẹ́ iye tó ṣeé san láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Mo fi ₦1,000 ṣe ààlà nítorí pé gígé tó tóbi jù, tí kò pé ₦50, kò ní tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ti ₦3,822.50 yìí, ₦22.50 ni, kò tó ìdá kan. Bí ẹ bá ń gba ìwé 40 lóòjọ́, tí gígé wọn jẹ́ bí ₦25 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦1,000 ni káńsù yóò fi sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ìwọ fúnra rẹ mọ iye wákàtí tí ẹ fi ń rán ọmọ kiri ọjà láti lọ ṣẹ́ owó.

Ibi tí mo tilẹ̀ fẹ́ kí wọ́n ti gé e kọ́ ni ojú fèrèsé rẹ. Orí ìwé gbèsè ni, kí ó tó jáde nínú ẹ̀rọ. Kọ́bọ̀ tó ń yọ yín lẹ́nu, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ló bí i: owó ìtanràn ìdá 10 lórí ₦3,475 á bí ₦347.50, ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí òfin bá ní kí àpapọ̀ ti wà ní gígé lórí ìwé, ₦3,800 ni oníṣọ́ọ̀bù yóò rí, ì báà mú owó ọwọ́ wá, ì báà fi fóònù san án. Kò ní di pé ẹni tó ní fóònù ń san ju ẹni tí kò ní lọ, tàbí ìdàkejì. Irú rẹ̀ kò ṣàjèjì: ní Amẹ́ríkà, kí ọ̀rọ̀ pẹ́nì yìí tó dé rárá, wọ́n ti ń gba ẹni tó ń kọ ìwé owó-orí láyè láti fa sẹ́ǹtì sí dọ́là tó bá sún mọ́ ọn, kó kọ dọ́là lódidi.

Wàyí o, ọ́dítọ̀. Jẹ́ kí n sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ lójú mi fún ọ. Ní káńsù kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, kaṣíà kan wà, olóòótọ́ èèyàn, tó ní agolo mílíìkì kan lábẹ́ tábìlì. Bí ẹni tó sanwó kò bá dúró gba ṣéńjì, yóò ju ₦10 tàbí ₦20 náà sínú agolo. Kò mú kọ́bọ̀ níbẹ̀ rí. Ọjọ́ tí àwọn ọ́dítọ̀ dé láìsọ tẹ́lẹ̀, wọ́n ka owó inú dúrọ́ọ̀, ó bá ìwé mu pérépéré. Inú rẹ̀ dùn, ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé agolo náà jáde, ó ní kí wọ́n wo bí òun ṣe tọ́jú ṣéńjì àwọn èèyàn. ₦1,340 ló wà níbẹ̀. Ọ̀gá ọ́dítọ̀ tú u sórí tábìlì, ó to àwọn owó tó ti ń lẹ̀ mọ́ra wọn, ó wá béèrè jẹ́jẹ́ pé ti ta ni. Kò lè dárúkọ ẹnì kan. Ọkùnrin yẹn wá sọ fún mi lójú rẹ̀ pé bí owó bá dín, òun á ní kaṣíà ṣi ìṣirò ṣe. Bó bá pọ̀, òun gbọ́dọ̀ béèrè iye ọdún tó ti ń pọ̀ bọ̀. Wọ́n kọ ìwé kan fún obìnrin náà tí kò kúrò nínú fáìlì rẹ̀ títí mo fi kúrò níbẹ̀. Èmi ni ọ̀gá rẹ̀. Èmi ni n kò fìgbà kankan sọ fún un ibi tí ṣéńjì tí wọn ò gbà ń gbé.

Nítorí náà, má ṣe ní agolo. Títí ìgbìmọ̀ yóò fi pinnu, iye tó wà lórí ìwé ni kí o máa gbà, bí ó tilẹ̀ gba pé kí ẹ jọ dúró de ṣéńjì. Bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí gígé, kọ ìlà mẹ́ta sórí rìsíìtì kọ̀ọ̀kan: owó tó yẹ, ₦3,822.50, gígé, ₦22.50, owó tí a gbà, ₦3,800. Nínú ìwé owó ojoojúmọ́, fún gígé ní òpó tirẹ̀, má ṣe fi pamọ́ sínú owó ṣọ́ọ̀bù. Nírọ̀lẹ́, ro òpó yẹn, kí akápò fọwọ́ sí i pẹ̀lú ìyókù. Bí ọ́dítọ̀ bá dé, ohun mẹ́ta ni wàá kó síwájú rẹ̀: ìpinnu ìgbìmọ̀ tó ní déètì àti ọwọ́, ẹ̀dà rìsíìtì, òpó gígé. Kò ní rí ohun tí yóò béèrè, á sì tètè lọ jẹun.

Ẹni tó bá mú iye rẹ̀ pé wá, gbà á bẹ́ẹ̀. Bí bàbá kan bá tú kóró ₦1 ọgọ́rin sórí tábìlì rẹ láti fi san tíkẹ́ẹ̀tì, kà á. Kóró náà ṣì jẹ́ owó, òfin báǹkì àpapọ̀ ọdún 2007, ní abala ogún, sì sọ pé ẹni tó bá kọ náírà gẹ́gẹ́ bí owó ìsanwó lè san ₦50,000 tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Kà á lójú rẹ̀, sókè ketekete, má jẹ́ kí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìlà kán ọ lójú. Lẹ́yìn náà, má kó o lọ sí báǹkì. Ìwọ gan-an lò ń wá ṣéńjì.

Ó wá ku ìyá elélùbọ́. Kò wá tọrọ. Gbèsè káńsù ló kó wá, ọwọ́ agbowó yín ló sì wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kọ́kọ́ wádìí ibi tí owó yẹn gbà lọ: bí agbowó bá ń gba ₦100 tó ń san ₦80 wọlé, ₦20 náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ni yóò dá a padà, kì í ṣe dúrọ́ọ̀ rẹ. Jẹ́ kó jẹ́ pé iwájú akápò lẹ ti máa sọ ọ́. Àmọ́ má ṣe jẹ́ kí ìyá dúró de ìparí ìwádìí yín. Jẹ́ kí akápò fọwọ́ sí owó náà, kó kọ agbowó sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó jẹ ẹ́, kí o sì san án fún ìyá lónìí. 23 lọ́nà ₦20 jẹ́ ₦460. Gba gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì náà lọ́wọ́ rẹ̀, fi gègé pupa fa ìlà gba ẹ̀yìn wọn, so wọ́n mọ́ ìwé tí akápò fọwọ́ sí. Bí ẹ bá ti tẹ káàdì, fún un ní ọ̀kan, ₦400 nìyẹn, bó bá gbà. Bí kò bá gbà, ₦400 lówó ni kí o fún un. Fi ₦50 lé e. Yóò ku ₦10. Wá a rí, má sì kọ ọ́ sẹ́yìn nǹkan kan. Bí kò bá sí nínú ọjà, ìgbéyàwó yóò kúkú wà nítòsí yín ní Sátidé.